Ejò mi ti jẹun o!

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé mo kígbe síbí nínú oṣù kọkànlá pé erè mi, irú kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 11, ó gbé eku mì!

Ẹni tó ní kí n wo ilé ejò náà ná kí n tó dá eku lẹ́bi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Gíláàsì gbalasa ni àpótí rẹ̀, ihò kan ṣoṣo tó lè sá pamọ́ sí níbẹ̀ sì fẹ̀ jù. Mo fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, mo ṣe ihò méjì tó há, ọ̀kan níbi tó móoru, ọ̀kan níbi tó tutù. Ibi tí mo ń pè ní 32°C yẹn, 27 péré ni nígbà tí mo ra tẹmómítà gidi. Ojú tì mí! Ejò tí baba ńlá rẹ̀ ti Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin wá, nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù.

Eku inú firísà náà, mo jẹ́ kó yọ́ tán, mo wá fi ọ̀rá wé e, mo rì í sínú omi gbígbóná, torí ooru ara ẹran ni ejò yìí fi ń mọ oúnjẹ. Mo fi ẹ̀mú gígùn gbé e sẹ́nu ihò, mo paná, mo bá tèmi lọ. Ilẹ̀ mọ́, kò sí eku.

N kò ní fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, kó má baà pọ̀ ọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kò kúkú já púpọ̀: 1,240 gíráàmù tẹ́lẹ̀, 1,205 kó tó jẹun.

Mo pe màmá mi láti fún wọn níròyìn ayọ̀. Wọ́n ní kí n má dárúkọ ejò létí àwọn lálẹ́.

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.