Ǹjẹ́ àṣìṣe kan wà tó burú ju gbogbo àṣìṣe lọ fún ọjọ́ iwájú?

Aláró Ìtòkú:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. A ń tú àdìrẹ oníko lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi ní, "Màámi, àṣìṣe wo ló burú jù tí aráyé lè ṣe?" N kò rí èsì fọ̀. Bí aró kò bá mu aṣọ dáadáa, n ó tún un rẹ. Bí ó bá ṣú jù, ẹni tó fẹ́ dúdú yóò rà á. Ṣùgbọ́n bí réésà bá yẹ̀ lára ìko, tó bá aṣọ, ihò dé nìyẹn. Kò sí ẹ̀lú tó ń dí ihò. Ṣé irú ihò bẹ́ẹ̀ wà fún gbogbo ayé? Ṣé ẹyọ kan ni, àbí wọ́n pọ̀?

Tíṣà Ìbarà:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ aró. Lójú tèmi, ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ni. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ọkọ̀ abẹ́ omi kan ti Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà yẹn), tó gbé tọpídò átọ́míìkì, ìyẹn bọ́ǹbù tí wọ́n ń yìn lábẹ́ omi, wà nítòsí Kúbà, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sì ń ju nǹkan abúgbàù sí i. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ yin tọpídò náà. Vasili Arkhipov, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ológun inú ọkọ̀ náà, ló kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọ Kẹ́mta:
Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, mi ò gbà pé ẹyọ kan ni. Ẹ wo òjé inú epo mọ́tò: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ epo ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1920 sí 1930, ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́, ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó lò ó kẹ́yìn, jáwọ́. Kò sí ariwo, kò sí iná. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n a tún un ṣe.

Aláró Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Kẹ́mta ló wọ̀ mí lára jù: ìjìyà náà pẹ́, àmọ́ èèyàn ṣì wà láyé tó lè tún un ṣe. Èyí tó bá pa aláró pọ̀ mọ́ aṣọ ni mo ń bẹ̀rù, ì báà jẹ́ bọ́ǹbù, ì báà jẹ́ òmíràn tí a kò tíì fojú rí. Ọmọ mi wá ní kí n bi Tíṣà: lónìí, ta ló wà nínú ọkọ̀ náà tó lè kọ̀ jálẹ̀? Ẹ bá mi dá a lóhùn, ó jókòó tì mí níbí, aṣọ tó ní ihò náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.