Epo 91 fún ẹ́ńjìnnì tó ń béèrè 95, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀kadà. Ìbàdàn ni mo wà. Tòkunbọ̀ ni tèmi, onísílíńdà kan, compression rẹ̀ (bó ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó jó) lé ní 12:1. Ìwé rẹ̀ ní epo 95 RON (RON ni nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè dúró tó kó má tètè gbiná fúnra rẹ̀) ni ká máa rọ sí i, bẹ́ẹ̀ 91 ni ìlànà epo tí à ń rà ní Nàìjíríà.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá gbé èrò gun òkè Mọ́kọ́lá nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì á máa ró kọ-kọ-kọ bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo. Tí mo bá já jíà wálẹ̀, á dákẹ́. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti ha kábọ́ọ̀nù orí písítìn, mo ti yí ilé epo padà, kò yàtọ̀. Mẹkáníìkì ní kí n ju káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé aáyán sínú táǹkì. Ọkàn mi ò gbà á rárá, ẹ̀rọ yìí ni mo fi ń jẹun.

Ṣé octane booster inú ike, èyí tí wọ́n ń dà sínú epo kí nọ́ńbà rẹ̀ lè gòkè, lè gbé 91 dé 95 lóòótọ́, àbí kí n kúkú fi gasket (awẹ́ tó ń dí àlàfo) tó nípọn sábẹ́ sílíńdà kí compression lè wálẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, èwo ló pa ariwo yẹn?