Ilé wa kéré, àmọ́ mo fẹ́ ibi tí fóònù ò ní dé

Ìyá Ìbejì, Kútọ̀:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbejì mi ti pé ọdún 6, Ìdòwú ń lọ sí 4. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, mi ò kì í tètè délé. Lánàá, mo gbé làfún àti ewédú síwájú Ìdòwú, kò lanu. Ó nawọ́ sápò mi, ó ń wá fóònù. Ìgbà tí mo tan kátúùnù fún un ló tó jẹun, ó ń gbé òkèlè mì láìbojú wo abọ́. Àyà mi já. Mo fẹ́ yọ fóònù kúrò níbi oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ń sùn. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé.

Màmá Àgbà, Ìbarà:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹní kan tó. Tẹ́ ẹ sí igun pálọ̀, orí rẹ̀ ni kí gbogbo yín ti máa jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó kọ́kọ́ fi fóònù sínú igbá. Ìwọ náà o, àti bàbá wọn! Tí Ìdòwú bá sunkún, jẹ́ kó sun ún. Má fi tipá bọ́ ọ, ebi á mú un wá.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Òótọ́ ni Màmá sọ. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má jókòó wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, kó tiẹ̀ dín sí i ló dáa. Ọmọ tí ò tíì pé 2, rárá. Ẹ má ṣe ṣájì fóònù ní yàrá. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ máa ń lé oorun lójú ọmọ.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Adátán:
Orí WhatsApp ni ilé ìwé àwọn ọmọ mi ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí, ó sì ń dùn mí. Mo máa ń dà á kọ sórí ìwé kí wọ́n tó jókòó.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ àbúrò mi tó ń bá mi tọ́jú wọn ló ń gbé fóònù fún wọn, kó lè ráyè dáná.

Màmá Àgbà:
Kó da ẹ̀wà sórí àtẹ, kí wọ́n máa bá a ṣà á. Ìwọ aládìrẹ, ṣé àjákù aṣọ àti ìko máa wọ́n ọ ni? Kó òkúta wẹ́wẹ́ fún wọn, kí wọ́n máa fi ìko dì í sáṣọ, bí a ṣe ń ṣe oníko. Ọwọ́ tó ń di ìko ò ráyè fóònù.

Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn ọjọ́ 9:
Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ le, ẹkún ni ṣáá. Lónìí, Ìdòwú fúnra rẹ̀ ló gba fóònù mi, ó fi sínú igbá. Ó wá dúró ti bàbá rẹ̀, ó tẹ́wọ́, ó ní tiwọn dà?