Àwòrán wo ló dá yín dúró, kámẹ́rà wo ni wọ́n sì fi yà á?

Onífọ́tò Lágẹrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tí ẹ fẹ́ràn àwòrán. Mo fẹ́ kí ẹni tí àwòrán kan láti ibikíbi láyé bá ti gbà lọ́kàn rí sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, kí ó sì sọ irú kámẹ́rà tí ó bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mu. Tèmi ni àwòrán ayé wa yìí tí William Anders, arìnrìn-àjò ojú òfuurufú ará Amẹ́ríkà, yà láti inú ọkọ̀ Apollo 8 ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1968. Ojú òṣùpá ni wọ́n ń yà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wọn ti ń yí òṣùpá po ni ayé yọ lókè ilẹ̀ aláwọ̀ eérú náà, Anders sì ké sí Jim Lovell tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ pé kí ó bá òun wá fíìmù aláwọ̀ kíákíá. Kámẹ́rà Hasselblad ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́ǹsì gígùn 250mm tí ń fa ohun jíjìn sún mọ́ni ni a so mọ́ ọn. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ lẹ àwòrán yìí mọ́ ara ògiri sítúdíò rẹ̀, láàárín fọ́tò ìkómọjáde àti ti ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ju fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lọ.

Ọmọ Ọ̀ṣọmàálò: Ti ọkùnrin tí ó dá dúró níwájú àwọn ọkọ̀ ogun ní Beijing, olú ìlú Ṣáínà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1989, ni èmi kò lè gbàgbé. Jeff Widener ni ó ya ọ̀kan nínú èyí tí a mọ̀ jù, láti òkè ilé ìtura kan, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó yà á; Stuart Franklin àti àwọn mìíràn náà rí ọkùnrin náà láti òkè níbẹ̀. Widener lo lẹ́ǹsì 400mm, ó sì tún so ohun tí ń sọ gígùn lẹ́ǹsì di ìlọ́po méjì mọ́ ọn. Fíìmù tí wọ́n bá a wá lọ́wọ́ àlejò kan, oní-100 (nọ́ńbà tí ń sọ bí fíìmù ti ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ju èyí tí ó fọkàn sí lọ, nítorí náà ó kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má mọ́ rárá. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún mi níbi Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà pé fóònù ti tó. Ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn èrò, tí ó sì fẹ́ rí ojú ọba, kò lè máa fi ìka fa àwòrán sún mọ́ ara rẹ̀ lórí fóònù kékeré kí ojú náà má fọ́.

Ará Ìsọ̀kùn: Ojú ni ó ń yàwòrán, kámẹ́rà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Ọmọ Ọ̀ṣọmàálò: Ojú ń rí ọ̀nà jíjìn lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó lè fi gbé e wálé.

Ìyá Ìbejì Ìrẹ̀mọ: Ibi tí ẹ lọ ti jìnnà jù. Àwòrán tí ó dá mi dúró wà nínú àpótí ìyá ìyá mi nílé wa. Ọmọbìnrin méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àdìrẹ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún, ojú wọn sì kọ sí wa gbọnrangandan. Mo dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìyá àgbà àti Kẹ́hìndé wọn ni. Ìgbà tí èmi náà bí ìbejì ni wọ́n tó sọ fún mi pé Kẹ́hìndé ti lọ kí wọ́n tó gbé Táyéwò dé sítúdíò, pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó jókòó níbẹ̀, onífọ́tò ni ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1978 lẹ́yìn ìwádìí tí ó ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ní bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, wọn a yà á, wọn a sì tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún un yà. Mo ti rí àwòrán púpọ̀ tí ó gba ẹ̀bùn káàkiri ayé, kò sí èyí tí ó mú omi jáde lójú mi bí eléyìí.

Bàbá Ọ̀kèsà: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá ìbejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Mo bá ọ̀gá mi tẹ irú rẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì bébà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án, a ó tẹ ọmọ náà sí apá òsì; lẹ́yìn náà a ó bo apá òsì, a ó sún nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù tí a ti fọ̀, tí a ń tẹ àwòrán jáde lára rẹ̀), a ó tún un tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà, nítorí pé bí ìlà bá hàn níbẹ̀, ọ̀gá mi yóò ya á dànù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà onígi ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni ó bá iṣẹ́ yẹn mu, èyí tí onífọ́tò ń fi aṣọ dúdú borí kí ó lè rí àwòrán tí ó dorí kodò lórí dígí rẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ tóbi, ó sì ṣeé fi pẹ́ńsù ẹnu ṣóńṣó tún ojú ènìyàn ṣe lórí rẹ̀. Irú kámẹ́rà ńlá bẹ́ẹ̀ ni Seydou Keïta, onífọ́tò ará Mali, lò ní Bamako, tí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 ní ìbú, 18 ní gígùn. Títí di òní, ẹni tí ó bá wo àwòrán rẹ̀ lè tọ ipa ọnà ara aṣọ àwọn obìnrin náà láti èjìká dé ìsàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀: Ẹ má bínú, bàbá, ẹ má bínú, ìyá. Bí a bá fi ọwọ́ dá ọmọ kejì sínú fọ́tò, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń hùmọ̀, èyí tí gbogbo wa ń bú lónìí? Ohun tí ó wà níwájú lẹ́ǹsì ni mo gbà pé ó yẹ kí ó wà lórí bébà.

Ìyá Ìbejì Ìrẹ̀mọ: Ọmọ mi, ta ni a tàn jẹ? Gbogbo agbo ilé ni ó mọ̀ pé Kẹ́hìndé kò sí mọ́. Bí a ti ń gbẹ́ ère ìbejì, tí a ń wẹ̀ ẹ́, tí a ń wọ aṣọ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ya fọ́tò yìí, kí Táyéwò má bàa dá jókòó. Ẹni tí ó bá hùmọ̀ àwòrán ìjà tí kò ṣẹlẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè dìde síra wọn, òun ni kí o lọ bi ní ìbéèrè yẹn.

Ará Ìsọ̀kùn: Ẹ̀yìn ìyá ni mo wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀: Mo gbọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí fọ́tò náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé tí yóò ṣàlàyé, kí ni yóò gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Ọ̀kèsà: Ọmọ yìí sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Tàdáwà bírò a máa jẹ wọ inú bébà.

Onífọ́tò Lágẹrẹ: Ẹ tún ya ẹ̀dà rẹ̀ kí ikán tó bá yín dé ìdí àpótí, ìyá. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn kò ti wọlé tààrà, ẹ má lo fíláàṣì nítorí yóò tàn padà lára bébà dídán, kí ẹ sì rí i pé ojú lẹ́ǹsì àti ojú fọ́tò dọ́gba kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa fẹ̀ ju èkejì lọ. Fóònù tí ó dára tó fún ìyẹn.

Ọmọ Ẹnuwá: Kí a tó kúrò lórí ojú ènìyàn, mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan tí mo fẹ́ sọ. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní ìlú yìí, lẹ́ẹ̀sì funfun ni gbogbo ẹbí wọ̀. Nígbà tí fọ́tò dé, a lè ka ihò ara lẹ́ẹ̀sì náà, ṣùgbọ́n ojú ìyá wa ṣókùnkùn débi pé a kò rí ẹ̀rín tí wọ́n ń rín. Onífọ́tò náà wá fi kọ̀ǹpútà bó gbogbo wa, ni a bá di aláwọ̀ tí kò sí nínú ìdílé wa rí. Inú bí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń fọ fíìmù aláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ń fi káàdì kan tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lára rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó bá dára lára Shirley ni wọ́n gbà pé ó dára fún gbogbo ayé. Nígbà tí Jean-Luc Godard, ọ̀gá nínú ṣíṣe fíìmù, lọ ṣiṣẹ́ ní Mòsáńbíìkì lápá ìparí àwọn ọdún 1970, ó kọ̀ láti lo fíìmù ilé iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà, ó ní ó ń ṣe ojúsàájú sí àwọ̀ dúdú. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀hónú àwọn tí ń polówó ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi, tí wọ́n fẹ́ kí ọjà wọn hàn dáadáa, wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n tún fíìmù náà ṣe. Àga ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀! Ẹ wá lọ wo àwòrán irun dídì tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, tí ó fi sílẹ̀ tó bíi 1000. Onílé-gogoro wà níbẹ̀, ṣùkú wà níbẹ̀. Dúdú àti funfun ni, a kò ta ohunkóhun sẹ́yìn wọn, síbẹ̀ a rí bí ọrùn ṣe ń dán, a rí ibi tí ìyàrun gbà kọjá láwọ̀ orí. Ẹni tí ó yà wọ́n mọ àwọ̀ wa, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Onífọ́tò Lágẹrẹ: Àbúrò, ìbínú rẹ tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀sì yẹn ní àtúnṣe. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé aláwọ̀ eérú ni gbogbo ohun tí ó wà níwájú òun. Bí funfun bá pọ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú yóò sì ṣókùnkùn. Bí ẹ̀tù bá pọ̀, yóò fi kún un títí ojú yóò fi mọ́lẹ̀ jù. Ojú ènìyàn gan-an ni kí á wọn, kì í ṣe aṣọ rẹ̀, kí á sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà dípò kí á na fíláàṣì sí i níwájú. Ìmọ̀ yìí ni ó gba Ansel Adams, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, là ní abúlé Hernandez, ní New Mexico, ní 1941. Kámẹ́rà ńlá tí fíìmù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8 ní ìbú, 10 ní gígùn ni ó gbé, oòrùn fẹ́ kúrò lára àwọn àgbélébùú itẹ́ òkú abúlé náà, kò sì rí ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ó mọ bí òṣùpá ti ń mọ́lẹ̀ tó, ìyẹn ni ó fi ṣírò. Kí ó tó ṣètò láti ya ẹ̀ẹ̀kejì, oòrùn ti lọ.

Ọmọ Ẹnuwá: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó yan ohun tí ẹ̀rọ yóò gbà gbọ́, èmi kò ní yí ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Olùkọ́ Àtákúmọ̀sà: Mo fi àwòrán ọmọ Sudan tí ebi ń pa, tí igún dúró lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí Kevin Carter, onífọ́tò ará South Africa, yà ní 1993, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìbéèrè kan ni gbogbo wọn bi mí: kí ni ó ṣe fún ọmọ náà? Mo sọ fún wọn pé ó lé igún náà lọ, pé ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, ní 1994, pé ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún kan náà. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn.

Ọmọ Ọ̀ṣọmàálò: Bí kò bá yà á, ta ni ì bá mọ̀ pé ìyàn mú níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìrẹ̀mọ: Ta ni ó bi ìyá ọmọ náà? Ká ní ọmọ tèmi ni, n kò ní gbà.

Ará Ìsọ̀kùn: Ìyàn kì í fún ènìyàn ní àsìkò láti tọrọ àyè, ìyá.

Bàbá Ọ̀kèsà: Níbi tí kò sí ogun tàbí ìyàn, ẹ jẹ́ kí a máa tọrọ àyè. Pierre Verger, Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúnbí nígbà tí ó tẹ̀ Ifá, fi Rolleiflex ya àwọn ènìyàn wa ní ìhín àti ní Bahia ní Bùràsíìlì. Kámẹ́rà ọlọ́jú méjì yìí, àyà tàbí ikùn ni a ń gbé e sí, a ó wá wolẹ̀ sínú dígí rẹ̀. Ẹni tí a ń yà kò rí i kí a na nǹkan sójú rẹ̀. Orí tí a tẹ̀ ba ni ó rí. Mo lo irú rẹ̀ pẹ́, mo sì rí i pé àwọn àgbàlagbà a máa fara balẹ̀ fún un ju kámẹ́rà tí a gbé sójú lọ. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ọlọ́jọ́, tí ẹ ń fi lẹ́ǹsì gbún àwọn ìyá àgbà lórí nítorí pé ẹ fẹ́ ya adé Ààrẹ, ẹ ronú sí i. Ibi tí àwọn tí ó ni ọdún bá sì ní kí kámẹ́rà má dé, kí ó má dé ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀: Ẹ ṣeun, bàbá. Èmi kò ní owó Rolleiflex. Canon àlòkù kan ni mo ní, lẹ́ǹsì 18-55mm ni ó wà lára rẹ̀. Ṣé ó tó fún Ọlọ́jọ́ àti fún omi Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà?

Onífọ́tò Lágẹrẹ: Ó tó. Bí owó bá yọ, ra lẹ́ǹsì 50mm àlòkù tí ẹnu rẹ̀ ṣí dé 1.8 (ó fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń gbà á wọlé), nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń dínkù kí ọba tó jáde tán. Ní Ẹ̀rín, gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dání, lọ ní òwúrọ̀ tàbí nígbà tí òjò bá ṣú, fi ISO (bí kámẹ́rà ti ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, kí o sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí omi lè yọ́ pọ̀. Mú aṣọ gbígbẹ dání, nítorí omi tí ń ta láti òkè kò ní jẹ́ kí lẹ́ǹsì rẹ mọ́.

Ará Ìsọ̀kùn: Èmi kò fara mọ́ yíyọ́ omi yẹn o. Omi Ẹ̀rín ń já lu àpáta kíkankíkan, gbogbo ẹni tí ó gun òkè náà ni ó gbọ́ ọ. Ẹ fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá yà á kí a lè rí ẹ̀kán omi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ọ̀ṣọmàálò: Ní ti Ọlọ́jọ́, ẹ má gbàgbé lẹ́ǹsì gígùn o. Èmi ní 70-300mm kan tí mo lè yá a.

Bàbá Ọ̀kèsà: Kí ó kọ́kọ́ sún mọ́ wọn kí ó kí wọn ná.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀: Mo gbà á, bàbá. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣọmàálò, mo gba lẹ́ǹsì náà pẹ̀lú, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀nà méjèèjì ni màá fi ya omi Ẹ̀rín, màá sì gbé e wá síbí kí ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀.