Ẹ̀yin olólùfẹ́ The Beatles, ṣé àwọn orin tí ẹ fẹ́ràn nígbà èwe ṣì ń dùn mọ́ yín?

Ìbéèrè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì méjì ti The Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ sí wa ní Ìbàdàn láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn orin ọdún 1963 àti 1964 ni mo fẹ́ràn jù, níbi tí ohùn John Lennon àti ti Paul McCartney ti ń wọnú ara wọn, tí ìlù Ringo Starr kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó. Tó bá kan àwọn orin inú àwo wọn Revolver ti ọdún 1966, ńṣe ni mo máa ń fò wọ́n. Ní báyìí tí mo ti pé ọdún 43, Revolver gan-an ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà, àwọn orin ìfẹ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò sì wọ̀ mí lára mọ́. Ó ń dùn mí, bí ìgbà tí mo kọ ọ̀rẹ́ àtijọ́ sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹ̀yin náà?

Èsì kìíní:
Àbúrò mi, àwọn olórin náà gan-an ló kọ́kọ́ dàgbà. Ọmọ ọdún 22 ni Lennon, McCartney sì jẹ́ 20, lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1963 tí wọ́n gba orin 10 nínú 14 tó wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1966, wọ́n jáwọ́ nínú ìrìn-àjò orin, nítorí igbe àwọn olùwòran kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn ń kọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú George Martin, ẹni tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, tí orin wọn sì di èyí tí ènìyàn ń jókòó gbọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1970, síbẹ̀ èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ni mo ń rí ara mi nínú orin wọn.

Èsì kejì:
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí orin kan náà ni mo ṣì ń gbọ́. Nínú "She's Leaving Home" ti ọdún 1967, ọmọbìnrin kan fi lẹ́tà sílẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, ó sì jáde nílé ní ìdájí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo wà pátápátá. Ọmọ mi obìnrin kó lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà, ohùn Lennon tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn àwọn òbí nìkan ni etí mi ń gbọ́. Kò sí gìtá, kò sí ìlù nínú orin náà, fáyólìn àti háàpù ló gbé e, omijé kò sì jìnnà sí mi.

Èsì kẹta:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú orin ọmọdé wo ti 1963. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ gìtá, àwọn orin tí mo rò pé ó rọrùn yẹn ló ń fún mi ní wàhálà jù. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín ọdún 1960 sí 1962, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n ń fi kọrin lálaalẹ́ ní àwọn ilé ijó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ tún lọ gbọ́ "This Boy", kí ẹ fetí sí bí ohùn Lennon, McCartney àti George Harrison ṣe ń rìn pọ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ ọ lálẹ́ àná. Ibi tí Lennon ti gbé ohùn sókè láàárín orin náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà.