Màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ mi: ṣé kí n dúró de Baálẹ̀ ni àbí kí n lọ sí tẹ́ṣàn?

Àgbẹ̀Ọ̀dẹ̀dá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, oko mi wà lápá Ọ̀dẹ̀dá. Màlúù wọ inú ẹ̀gẹ́ mi lóru, wọ́n jẹ ewé, wọ́n tẹ ebè fọ́. Baálẹ̀ ní òun ti ránṣẹ́ sí Séríkí Fúlàní, olórí àwọn Fúlàní tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ṣé owó máa ń jáde níbẹ̀, àbí ẹ̀bẹ̀ lásán ni?

ÌyáElẹ́lùbọ́: Owó ń jáde, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n dá iye lé yín lórí láìdé oko. Nígbà tèmi, Baálẹ̀ rán ọmọ rẹ̀, Séríkí rán tiẹ̀, wọ́n jọ ka ebè. Fúlàní tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ni màlúù, ó sì sanwó. Ẹ tètè ya fọ́tò kí òjò tó pa ojú ẹsẹ̀ màlúù rẹ́.

ỌmọÌbarà: Ìyá, àwọn tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀rùn ńkọ́? Séríkí kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tí wàhálà bẹ́ ní Yewa ní 2021, ó ju agbára Baálẹ̀ lọ. Lóṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, tí wọ́n ní kí dída ẹran jẹ̀ kiri dópin. Baálẹ̀ kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ tún lọ sípàdé tí Baálẹ̀ bá pè pẹ̀lú Séríkí.

ÌyáElẹ́lùbọ́: Ẹ sọ fún Baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ o. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àgbẹ̀Ọ̀dẹ̀dá: Ẹ ṣé, màmá. Àbúrò mi ti fẹ́ lọ pe àwọn ọdẹ. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.