Eyín màlúù àtijọ́ láti Òṣogbo: ṣé a lè mọ ibi tó ti jẹko?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awalẹ̀pìtàn. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé wa ní Òṣogbo kan ààtàn àtijọ́: àpáàdì, eérú, àti eyín màlúù tó ṣì ń dán. Mo mọ̀ pé strontium, èròjà kan inú ilẹ̀ tí àmì rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti agbègbè kan sí òmíràn, máa ń gba inú koríko àti omi wọ eyín nígbà tí eyín ń hù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá Òkè Ọya ni wọ́n ti dà á wá, kí ni ká fi ṣe òdiwọ̀n strontium ilẹ̀ tiwa, tí a ó fi ti eyín náà wé? Ṣé ìkarahun ìgbín tó, àbí ká fi ewé àti omi odò Ọ̀ṣun kún un? Ajílẹ̀ inú oko ló ń bà mí lẹ́rù, ó lè da èsì rú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni eyín tí wọ́n máa gé ṣe máa pọ̀ tó?